Ọ̀nà Onípákó Etí Odò Paiva àti Àwọn Ohun Àjogúnbá Arouca

Ọ̀nà onípákó Paiva, tí wọ́n ń pè ní Passadiços do Paiva ní èdè Potogí, jẹ́ ọ̀nà ìrìn-ẹsẹ̀ tí wọ́n fi pákó kàn mọ́ ara àpáta ní bèbè òsì odò Paiva, ní ìjọba ìbílẹ̀ Arouca, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 8, láti Areinho títí dé Espiunca. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i. Kó tó di ìgbà náà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà já omi líle àti àwọn ará abúlé ìtòsí ló sábà máa ń rí inú àfonífojì yìí, nítorí bèbè rẹ̀ ga, ó sì dà gẹ̀rẹ́ débi pé kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà.

Orí òkè ní agbègbè Moimenta da Beira ni odò Paiva ti ṣàn wá, ó sì wọ inú odò ńlá Douro ní Castelo de Paiva. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ̀dá kan tó ń jẹ́rìí sí èyí ni oníkarahun méjì inú odò tí péálì máa ń wà nínú rẹ̀: kì í gbé inú omi tó bá ti dọ̀tí, ó ti di ọ̀wọ́n káàkiri Yúróòpù, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú Paiva. Odò náà wà lára àwọn ibi tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń dáàbò bò lábẹ́ ètò Natura 2000.

Areinho ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn gíga, èyí tó ń lọ́ kọ́rọkọ̀rọ lára òkè, kò jìnnà sí Areinho. Ẹni tó bá gùn ún nígbà tí ara ṣì le yóò máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé ìṣàn omi títí dé Espiunca. Ẹni tó bá ti Espiunca bọ̀, ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni yóò tó pàdé rẹ̀. Ìrìn wákàtí bíi mẹ́ta ni fún ẹni tí kò kánjú. Nítorí pé ọ̀nà náà kì í yípo padà, takisí ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ lọ síbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí. Owó ìwọlé wà, iye ènìyàn tó lè wọlé lójúmọ́ sì ní ìwọ̀n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó gbéra.

Ní bí ìdajì ọ̀nà ni Vau wà, etí odò oníyanrìn tí àwọn ènìyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí afárá kékeré kan sì so rọ̀ lókè rẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Gola do Salto, àpáta fún odò náà lọ́rùn, omi á sì máa hó yàà. Nítòsí Espiunca, ara òkè là sílẹ̀ gbangba, a sì lè rí ibi tí ilẹ̀ ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ láyé àtijọ́: ìpele òkúta ọ̀tún kò bá ti òsì mu mọ́.

Pákó ni ọ̀nà náà, igbó ló sì yí i ká. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìṣísílẹ̀ rẹ̀, iná igbó jó apá kan rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, iná ńlá tó jó òkè Arouca tún dé ibẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Ẹ̀ẹ̀rùn líle àti afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan kọ́ ló ń fà á. Àwọn ọ̀dọ́ ti kúrò ní abúlé, oko tí wọ́n ń ro tẹ́lẹ̀ ti di ìgbòrò, igi páínì àti yukalíptù tí òróró kún inú ewé rẹ̀ sì ti gba orí òkè. Ibi tí ewúrẹ́ àti màlúù ti máa ń jẹ koríko kúrò nílẹ̀ kò ní ẹran mọ́, koríko gbígbẹ ló kù fún iná.

Nítòsí Areinho, afárá àsorọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 516 Arouca kọjá lókè odò. Gígùn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: mítà 516 ni, ó sì ga tó mítà 175 sí ojú omi. Itecons, ilé ìwádìí kan ní Coimbra, ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì mú àpẹẹrẹ láti ara afárá olókùn tí àwọn ará Inca máa ń ta kọjá àfonífojì ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Láti oṣù Karùn-ún 2021 ni àwọn àlejò ti ń gun orí rẹ̀, láti ìhà Canelas sí ìhà Alvarenga. Nígbà náà, wọ́n ń pè é ní afárá àsorọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tó gùn jù lọ lágbàáyé. Ní 2022 ni ọ̀kan tó jẹ́ mítà 721 ní orílẹ̀-èdè Czech gba orúkọ náà. Irin oníhò ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí odò fi ń hàn lábẹ́ ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ a lè rí Aguieiras, omi tó ń já láti ìpele àpáta kan sí òmíràn ní bèbè kejì.

Ọ̀pọ̀ àlejò ń gun afárá, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń padà sí ìlú Porto lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń pàdánù púpọ̀, nítorí gbogbo ilẹ̀ Arouca, nǹkan bíi kìlómítà 328 níbùú lóròó, ló jẹ́ ọgbà ìmọ̀ ilẹ̀ tí àjọ UNESCO fọwọ́ sí. Ibi 41 ni wọ́n kà sí pàtàkì nínú rẹ̀ nítorí ìtàn òkúta wọn. Ní Canelas, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta pẹlẹbẹ dúdú fún bíbo òrùlé, wọ́n rí tráílóbáìtì tó ti di òkúta. Ẹranko abẹ́ òkun ni, ìbátan ọ̀nà jíjìn sí akàn àti edé, ó sì ti kúrò láyé pátápátá. Àwọn ti Canelas ti tó mílíọ̀nù ọdún 465, àwọn kan sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ irú wọn níbòmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà lẹ́bàá ibi ìwakùsà náà tó kó wọn pamọ́.

Lórí òkè Freita, ní abúlé Castanheira, ni òkúta ọlọ́mọ wà. Pedras Parideiras ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ìyẹn àwọn òkúta tó ń bímọ. Akọ òkúta gíráníìtì ni ìyá. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ kókó pẹlẹbẹ tí ohun dúdú dídán bò lára. Oòrùn, òtútù àti òjò á máa jẹ ìyá díẹ̀díẹ̀, kókó á já bọ́, ojú rẹ̀ á sì ṣẹ́ kù lára ìyá bí ojú ìdodo. Àwọn àgbà ní ìgbàgbọ́ pé obìnrin tó bá fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí yóò rí ọmọ bí. Lónìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un kúrò níbẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni odò Caima ti já wálẹ̀ láti ibi gíga tó ju mítà 60 lọ, ní Frecha da Mizarela. Omi ti gbẹ́ òkúta tó rọ̀ lọ, ó fi gíráníìtì sílẹ̀ bí ògiri.

Ní àárín ìlú Arouca ni ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Santa Maria wà. Ọ̀rúndún kẹwàá ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Mafalda, ọmọbìnrin Sancho Kìíní, ọba Pọ́túgàl, ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1215 wọ́n fi í fún Enrique Kìíní, ọba Castile ní ilẹ̀ Sípéènì òde òní, tó ṣì jẹ́ ọmọdé, láti fẹ́. Póòpù tú ìgbéyàwó náà ká nítorí wọ́n jẹ́ ìbátan, òkúta òrùlé sì já lu ọba kékeré náà, ó sì kú ní 1217. Mafalda padà sílé, ó gba Arouca tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì mú ilé náà wọ inú Cister, ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tó kú lọ́nà ìrìn-àjò, wọ́n gbé pósí rẹ̀ lé ìbaaka, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ síbi tó bá fẹ́: Arouca ló dúró sí. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Ìjọ Kátólíìkì kà á mọ́ àwọn Alábùkún, ipò tó ṣáájú ti ẹni mímọ́. Lẹ́yìn tí ìjọba ti pa ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ́ ní 1834, wọ́n gba àwọn obìnrin tó kù láyè láti lo ọjọ́ ayé wọn tán níbẹ̀. Ọdún 1886 ni ẹni ìkẹyìn kú. Ọwọ́ wọn ni ìlú ti kọ́ àwọn ìpápánu olómi-ẹyin àti álímọ́ńdì tí wọ́n ṣì ń tà ní Arouca. Ẹran màlúù arouquesa náà lókìkí, pàápàá ní Alvarenga.

Yàtọ̀ sí ọ̀nà onípákó, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ mìíràn la orí òkè wọ̀nyí kọjá. Ìlà ọ̀dà méjì, yẹ́lò lókè, pupa nísàlẹ̀, lára igi tàbí òkúta, ń sọ pé ọ̀nà nìyí; bí ìlà méjèèjì bá gbé ara wọn bí àgbélébùú, a ti ṣìnà. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọ̀nà iṣẹ́ àwọn awakùsà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wolfram, ohun tí wọ́n fi ń mú irin le fún ìbọn àti ọkọ̀ ogun, wà nínú ilẹ̀ yìí. Pọ́túgàl kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó ń ta á fún tọ̀tún-tòsì. Àwọn ará Jámánì ló ń ṣe àkóso ibi ìwakùsà Rio de Frades, àwọn ará Bìrìtìkó sì wà ní Regoufe, kìlómítà díẹ̀ péré láàárín àwọn ọ̀tá méjì. Àwọn tálákà abúlé ń ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́sàn-án, àwọn kan a sì máa wa tiwọn ní bòókẹ́lẹ́ lóru. Wúrà dúdú ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹfà 1944 ni ìjọba Salazar, olórí Pọ́túgàl nígbà náà, fòfin de títà rẹ̀, owó náà sì gbẹ. Ògiri àwókù àti ihò inú òkè ló kù.

Láti Regoufe, ọ̀nà PR14 gùn tó kìlómítà 4 kọjá òkè dé Drave, abúlé tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀, wáyà iná kò sì dé ibẹ̀ rí. Ní ọdún 2000 ni àwọn olùgbé rẹ̀ ìkẹyìn kúrò. Àwọn Síkáòtù Kátólíìkì ti sọ apá kan rẹ̀ di ibùdó wọn, wọ́n ń tún ilé tó ti wó kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé òkúta náà láti ọwọ́ dé ọwọ́.