Ara ènìyàn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ

Ìfiwéra ara ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ọwọ́ ṣe jẹ́ ọ̀nà kan láti ṣàlàyé bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Fún Yorùbá tó wà ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, pọ́ǹpù omi àti alùpùpù ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ni jù.

Ọkàn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi wé ẹ̀rọ. Nínú pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀ tó wà lórí kànga abúlé, awẹ́ rọ́bà kan máa ń ṣí kí omi lè gòkè, á sì padé kíá kí omi má baà dà padà. Bí rọ́bà náà bá ti jẹ, ènìyàn yóò tẹ̀ ẹ́ títí kí omi tó yọ. Mẹ́rin ni irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn, ìró pípadé wọn sì ni dókítà ń gbọ́ láyà aláìsàn. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ tó bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lóòjọ́.

Ti egungun ló jinlẹ̀ jù. Egungun itan ní ihò láàárín bíi páìpù férémù kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ní orí rẹ̀ tó wọ inú ìbàdí, egungun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó hun ara wọn bí àwọ̀n ló kún ibẹ̀. Hermann von Meyer, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, ṣe ìwádìí lórí wọn ní ìlú Zurich ní Switzerland, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1867. Karl Culmann, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ afárá nílùú kan náà, rí i pé ipa ọ̀nà wọn jọ ìlà tí òun ń fà láti fi bí ẹrù ṣe ń wọ ẹ̀rọ agbẹ́rù ọlọ́rùn títẹ̀ lára hàn. Ní 1892, Julius Wolff, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ṣàlàyé pé egungun máa ń tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó ń gbé. Ìdí nìyí tí egungun àwọn arìnrìn-àjò gbalasa òfurufú fi ń dín kù lóṣooṣù, nítorí ara kò wúwo níbẹ̀. Férémù alùpùpù zemidjan (ọ̀kadà akérò) tó bá sán ní Àjàṣẹ́ kò lè tún ara rẹ̀ tò bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n gbé e tọ ajórin lọ.

Oríkèé náà ń pèsè omi yíyọ̀ fúnra rẹ̀, kò dúró de gírísì.

Síbẹ̀, ara ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ pàdé ní ọ̀nà ọ̀fun, ìyẹn ló fi jẹ́ pé omi lè tá ènìyàn lórí. Mẹkáníìkì tó bá fi ojú ihò kan ṣoṣo gba epo àti omi sínú ọkọ̀ kò ní í rí oníbàárà padà.