Ìwọ̀n kílọ́ọ̀ṣì fún muscle car àtijọ́

Ìwọ̀n kílọ́ọ̀ṣì ni fífẹ̀ dísìkì láti etí kan dé etí kejì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi fífẹ̀ nìkan rà á yóò padà sọ́jà. Lára muscle car, ìyẹn ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì V8 ńlá bọ̀ bíi Pontiac GTO ọdún 1964, flywheel (irin rìbìtì tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tí dísìkì ń lẹ̀ mọ́) ló ń sọ bí dísìkì ṣe lè fẹ̀ tó, ọ̀pá gíà ló sì ń sọ irú ihò tí yóò wà láàárín rẹ̀. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó tó, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí gíabọ́ọ̀sì wọn.

Muscle car kò wọ́pọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ Volkswagen ìjàpá tí àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ mọ̀ dunjú ń tẹ̀lé ìlànà kan náà. Flywheel ìjàpá àtijọ́ tó ń lo bátìrì fóòlì 6 ní eyín 109, dísìkì mm 180 ló ń gbà. Ti ìjàpá 1500 àti 1600 tó ń lo fóòlì 12 ní eyín 130, mm 200 sì ni dísìkì rẹ̀.

Eyín yìí ni sítátà ń bá jẹ. Bí gíabọ́ọ̀sì bá ti wálẹ̀, a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, a ó máa yí flywheel, a ó máa kà títí àmì yóò fi yí padà dé. Lára Chevrolet, eyín 153 jẹ́ ti flywheel ínṣì 12.75, dísìkì ínṣì 10.4 tàbí 10.5 ló ń gbà. Eyín 168 jẹ́ ti ínṣì 14, òun ló ń gba dísìkì ínṣì 11 (mm 279). Ford V8 kékeré, irú 289 inú Mustang, lè ní eyín 157 tó ń gba ínṣì 10 tàbí 10.5, tàbí eyín 164 tó ń gba 11. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní kékeré bọ́ sí ńlá gbọ́dọ̀ wo bell housing (ilé irin tó bo flywheel) àti sítátà pẹ̀lú, torí flywheel ńlá lè máà wọ inú ti kékeré.

Ford tún ní ọ̀fìn kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan flywheel wúwo ju èkejì lọ: 28 oz (áúńsì-ínṣì) ni ti ẹ́ńjìnnì 289 àti 302 àtijọ́, 50 oz ni ti 302 àwọn ọdún 1980. Wọ́n jọra lójú. Bí a bá ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Spline ni àwọn ìlà gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ sára ọ̀pá gíà. Ọ̀pá ti GM, ilé-iṣẹ́ tó ni Chevrolet àti Pontiac, fẹ̀ ní ínṣì 1⅛, ìlà rẹ̀ lè jẹ́ 10 tàbí 26. Ford V8 kékeré ń lo ìlà 10 lórí ọ̀pá ínṣì 1 1/16, ẹ́ńjìnnì Ford ńlá 428 Cobra Jet ń lo 10 lórí ínṣì 1⅜, nítorí náà kíkà láìwọn kò tó. Gíabọ́ọ̀sì A833 ti Chrysler ní 23 lórí ínṣì 1. Ti ẹ́ńjìnnì Hemi ti Chrysler ní 18 lórí ínṣì 1 3/16. Ẹni tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ra ọjà ní Gate n'Íbàdàn tàbí Ládìípọ̀ l'Ékòó ní láti gbé dísìkì àtijọ́ dání, kó sì kọ iye eyín flywheel sínú ìwé, torí dísìkì àtijọ́ náà lè jẹ́ èyí tí ẹnìkan ti fi tipátipá kì bọ inú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé dísìkì tó fẹ̀ jù ló lágbára jù. Ìṣirò kò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Agbára tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé ni ojú méjì dísìkì, ní ìlọ́po bí láínì (ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì) ṣe ń di nǹkan mú (nǹkan bí 0.3), ní ìlọ́po agbára tí pressure plate (irin tó ń tẹ dísìkì mọ́ flywheel) fi ń tẹ̀ ẹ́, ní ìlọ́po jíjìnnà agbedeméjì láínì sí àárín dísìkì. Bí pressure plate bá ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 9,000 N (niútọ̀nù, ìwọ̀n agbára títẹ̀), tí ihò inú láínì sì jẹ́ ínṣì 6.5, dísìkì 10.5 yóò gbé 583 Nm (ìwọ̀n agbára yíyí), ti 11 yóò gbé 600. Ṣùgbọ́n bí a bá fi pressure plate 11,000 N lé 10.5 yẹn kan náà, ó di 712 Nm. Ẹsẹ̀ òsì ni yóò san owó rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ihò bóòtù pressure plate gbọ́dọ̀ bá ti flywheel mu, bẹ́rìǹgì tó ń tẹ̀ ẹ́ sì gbọ́dọ̀ ga bó ṣe yẹ: lára Chevrolet, pressure plate tí ìka rẹ̀ (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ tí bẹ́rìǹgì ń tẹ̀) tẹ̀ síta ń gba bẹ́rìǹgì kúkúrú, èyí tí ìka rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ń gba gígùn.

Bí a bá ń dè é, a ó fi ọ̀pá gíà àtijọ́ gbé dísìkì sáàárín, a ó sì máa dè bóòtù díẹ̀díẹ̀ ní ìkọjá-síra. Gíabọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ rọ̀ sórí dísìkì. Àárín rẹ̀ yóò tẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní já dáadáa mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò lọ, kí a kọ́kọ́ wo ọ́ìlì tó ń jò láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sára láínì, kí a tó dá ìwọ̀n lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, kí a wo ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì: ó yẹ kó rìn ní òfìfo tó mm 20 sí 25 kí bẹ́rìǹgì tó kan ìka pressure plate. Bí kò bá ní òfìfo yẹn, bẹ́rìǹgì yóò máa tẹ ìka náà nígbà gbogbo, dísìkì tí ìwọ̀n rẹ̀ pé pérépéré yóò sì jó.