Láàárín kí iná dé àti kí ẹ̀rọ kékeré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Ní Òṣogbo, ẹ̀rọ tí kò bá lè dìde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí iná lọ tó sì dé, ẹrù lásán ni. Inú ìlú yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ iná ń lọ, ó ń bọ̀, ní Òkè-Fíà àti ní Ìgbọ̀nà bíi ti ìlú yòókù. Ẹ wo àpótí kékeré kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì: bọ́ọ̀dù kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, káàdì mẹ́mọ́rì kan, àti waya tín-ínrín tó wọ inú fíríìjì láti máa wọn bí ibẹ̀ ṣe tutù tó. Ínsúlínì tí wọn kò tíì ṣí àti ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8. Bí iná bá lọ lóru tó sì dé ní ìdájí, kò sẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù tó máa tẹ bọ́tìnnì kankan. Àpótí náà ní láti jí, kó rántí iṣẹ́ rẹ̀, kó mọ iye wákàtí tí òkùnkùn fi wà, kó sì sọ fún oníkẹ́mísì. Fáìlì bíi mélòó kan, tí gbogbo ìlà wọn kò lè kún ojú ìwé méjì, ló ń ṣe gbogbo èyí.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ script, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ní ìlà-ìlà. Bí iná bá wọ bọ́ọ̀dù, kóòdù kékeré tí àwọn tó ṣe chip náà ti fi sínú rẹ̀ á lọ wá bootloader, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ, lórí káàdì. U-Boot ló wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù. Á gbé kernel Linux, ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, sínú mẹ́mọ́rì (RAM, tó ń ṣófo bí iná bá lọ), á fi ìlà ọ̀rọ̀ kan lé e lọ́wọ́, á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò:

console=ttyS0,115200 root=/dev/mmcblk0p2 rootwait ro

Apá àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí kernel máa sọ̀rọ̀ sí, ìyẹn waya serial tí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lè so mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ pé ìpín kejì lórí káàdì ni àwọn fáìlì wà. rootwait ní kí kernel ní sùúrù títí káàdì á fi yọjú, nítorí kernel sábà máa ń yára jí ju káàdì lọ. Bọ́ọ̀dù tí a kò kọ ọ́ fún lè dìde lónìí, kó kọ̀ lọ́la, láìsí ohun tó yí padà. ro túmọ̀ sí kíkà nìkan, kò sí kíkọ. Lójú tèmi, lẹ́tà méjì yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìlà náà fún ìlú tí iná ti ń lọ láìdágbére.

Bí kernel bá ti rí ìpín yẹn, ètò kan ṣoṣo ló ń wá láti tàn, ìyẹn init. Ó máa wo /sbin/init, lẹ́yìn náà /etc/init, /bin/init, àti /bin/sh. Bí kò bá rí ọ̀kankan, á kọ “No working init found” sórí console, ìyẹn waya serial náà, ibẹ̀ ni ìrìn àjò parí sí. Init ni ètò nọ́ńbà 1. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ètò yòókù ti ń jáde wá. Èyí tí òbí rẹ̀ bá kú, init ló ń gbà á tọ́. Bí init fúnra rẹ̀ bá wá kú, kernel kò ní bá iṣẹ́ lọ mọ́.

Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, systemd ló sábà ń jẹ́ init. Ó ti pọ̀ jù fún àpótí wa. BusyBox ló bá a mu. Bruce Perens ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995, kí gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n nílò láti fi Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, sórí kọ̀ǹpútà lè gba inú díìsìkì flọ́pì kan. Fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ púpọ̀ ni: ls, mount, sh àti init, òun náà ni gbogbo wọn, orúkọ tí wọ́n bá fi pè é ló fi ń mọ iṣẹ́ tó kàn.

Ohun tó wà nínú /etc/inittab ni init ń tẹ̀ lé. Ti àpótí yìí lè rí báyìí (wotutu ni ètò tó ń wọn fíríìjì):

::sysinit:/etc/init.d/rcS
::respawn:/usr/bin/wotutu
ttyS0::askfirst:-/bin/sh
::shutdown:/etc/init.d/rcK

Àmì : ló pín ìlà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni ojú tí ètò náà máa fi bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìkejì, BusyBox kì í tiẹ̀ wò ó, àwọn init àtijọ́ ló ń lò ó. Ìkẹta ni bí init ṣe máa ṣe àṣẹ náà, ìkẹrin ni àṣẹ gan-an.

Ìkẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wà. sysinit ni init ń ṣe ṣáájú ohun gbogbo, á sì dúró títí iṣẹ́ náà á fi parí kó tó kúrò níbẹ̀. respawn yàtọ̀: init á tan ètò náà, á máa ṣọ́ ọ, bó bá ṣubú, á tún un tàn. Ibí ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti sábà ń kọsẹ̀. Wọ́n á fi ètò tó ń wo fíríìjì sí ìparí rcS, script tí sysinit ń pè. Bí wọn kò bá fi àmì & (tó ń jẹ́ kí ètò máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn) sí i, rcS kò ní parí láéláé, console tí wọ́n ń retí kò sì ní yọjú. Bí wọ́n bá fi & sí i, ohun gbogbo á lọ geere, títí di òru ọjọ́ tí ètò náà máa ṣubú tí kò ní sẹ́ni tó máa gbé e dìde. Ètò tó jẹ́ pé tìtorí rẹ̀ la ṣe ra àpótí, abẹ́ respawn ló yẹ kó wà. Kò sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ sá lọ sí ẹ̀yìn. Àwọn ètò kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀dà ara wọn tán, wọ́n á jáde. Init á rò pé wọ́n ti kú, á tan òmíràn, á tún tan òmíràn, títí mẹ́mọ́rì á fi kún.

askfirst kàn ń kọ ọ̀rọ̀ sórí waya serial pé kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ tẹ Enter kó tó gba shell, ètò tí èèyàn ń tẹ àṣẹ fún. Títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́, shell yẹn kò jẹ mẹ́mọ́rì kankan.

rcS ló wá kàn; mount nínú rẹ̀ ń ṣí ibi tí fáìlì wà kí ẹ̀rọ lè lò ó:

#!/bin/sh
mount -t proc proc /proc
mount -t sysfs sysfs /sys
mount -t tmpfs tmpfs /tmp
mount -t tmpfs tmpfs /run
e2fsck -p /dev/mmcblk0p3
mount /data || echo "data ko si" > /dev/console
for s in /etc/init.d/S??*; do
  [ -x "$s" ] && "$s" start
done

/proc àti /sys kò sí lórí káàdì rárá, kernel ló ń ṣẹ̀dá wọn láti inú mẹ́mọ́rì, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kò sì lè ríran láìsí wọn. Inú /sys gan-an ni ìwọ̀n fíríìjì máa ti wá. /dev, ibi tí kernel ti ń fi káàdì àti waya hàn bíi fáìlì, kò ní ìlà mount nínú script yìí nítorí wọ́n ti lè sọ fún kernel nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ pé kó gbé devtmpfs síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá sọ fún un, ìlà kan á wọlé fún òun náà. /tmp àti /run wà nínú mẹ́mọ́rì, iná lè nù wọ́n dànù, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìpín kẹta, /data, nìkan la lè kọ nǹkan sí lórí káàdì. Ìdí nìyí tí a fi ń fi e2fsck yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ṣí i. Bó bá sì kọ̀ láti ṣí, script kò dúró, ó kàn sọ bẹ́ẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Àpótí tó ń wọn fíríìjì láì lè tọ́jú àkọsílẹ̀ sàn ju àpótí tó kú lọ.

Ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ń tan àwọn script kéékèèké ní títẹ̀-lé-ra orúkọ wọn, bí Buildroot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ Linux fún bọ́ọ̀dù kékeré, náà ṣe ń ṣe é: S02aago, S10sensor, S40network. Bí lẹ́tà ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ni shell fi ń tò wọ́n, kì í ṣe bí nọ́ńbà ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá kọ S5 dípò S05 máa rí i pé ẹ̀yìn S40 ló bọ́ sí.

Kí ló dé tí aago fi ṣáájú? Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kékeré kò ní bátìrì aago. Bí wọ́n bá jí, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni wọ́n rò pé àwọn wà. Àkọsílẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò wúlò, íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá á kọ̀ wọ́n, nítorí ìwé ẹ̀rí HTTPS ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti fíríìjì yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí oníkẹ́mísì fẹ́ mọ̀ jù láàárọ̀ ni iye àkókò tí oògùn rẹ̀ fi wà láìsí iná, àpótí náà sì ti sùn ní gbogbo àkókò yẹn. Ibi kan ṣoṣo tí ìdáhùn ti lè wá ni kí ó wé aago ìsinsìnyí mọ́ àkókò tó kọ sílẹ̀ kẹ́yìn kí iná tó lọ. Ìdí nìyẹn tí aago bíi DS3231 pẹ̀lú bátìrì pẹlẹbẹ rẹ̀ fi yẹ ní rírà. Inú S02aago:

hwclock -s -u
nisinsin=$(date +%s)
kehin=$(cat /data/kehin 2>/dev/null)
[ -n "$kehin" ] && echo $((nisinsin - kehin)) > /run/aisi_ina

hwclock ń gbé àkókò inú aago bátìrì wọ inú ẹ̀rọ, /data/kehin sì ni àkókò tí wotutu kọ sílẹ̀ kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú-àáyá ni iye tó ń jáde: bí 5400 bá wà nínú /run/aisi_ina, wákàtí kan ààbọ̀ ni iná fi lọ. Bí àkọsílẹ̀ kò bá sí, kò ní kọ nǹkan kan, nítorí 0 níbẹ̀ yóò jẹ́ irọ́ tó lè mú kí ẹnì kan gún abẹ́rẹ́ tó ti bàjẹ́.

S10sensor kò gùn: ó ń fi modprobe tan w1-gpio àti w1-therm, àwọn ètò tí kernel fi ń bá ohun ìwọ̀n sọ̀rọ̀. Ohun kan wà tó yẹ kí ètò wotutu mọ̀ nípa DS18B20, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọn ìtutù. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, dígírì 85 ló ti wà nínú rẹ̀ kó tó wọn ohunkóhun. Bó bá sì máa wọn nǹkan dáadáa, ó lè tó 750 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ètò tó bá gba 85 àkọ́kọ́ yẹn gbọ́ máa jí oníkẹ́mísì lójú oorun ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé, kò sì ní pẹ́ tí ẹni náà á fi yọ àpótí kúrò.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ́yìn, kò sì sí ohun tó gbọ́dọ̀ dúró dè é. udhcpc, tó ń tọrọ àdírẹ́sì, lè máa tọrọ títí láìfi rcS sílẹ̀. Àmì -b ló ń jẹ́ kó lọ sí ẹ̀yìn bí kò bá tètè rí i gbà. Ó tún yẹ kí /usr/share/udhcpc/default.script wà níbẹ̀, nítorí udhcpc kàn ń gba àdírẹ́sì ni, script yẹn ló ń fi í sórí ẹ̀rọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wúwo ní ọjọ́ tí èrò kún ìlú, bíi ọjọ́ tí arugbá ń jáde lọ sí igbó Ọ̀ṣun, wotutu á máa wọn, á máa kọ, á sì fi ránṣẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá là.

Nọ́ńbà fóònù, ìwọ̀n tí ìkìlọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kò yẹ kí ọ̀kankan wà nínú script. Èyí tó bá gbogbo àpótí mu wà ní /etc, tí a kò lè kọ nǹkan sí. Èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kan pàtó wà ní /data. Script kékeré tó ń tan ètò á kọ́kọ́ ka ti /etc:

. /etc/wotutu.conf
f=/data/wotutu.conf
[ -r $f ] && sh -n $f && . $f

sh -n ń wò bóyá ìlà kan nínú fáìlì náà kò já. Láìsí i, àmì ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan gbàgbé láti pa dé lè da script dúró pátápátá. Bó bá wà, àpótí á kàn lo ti /etc.

Iná lè lọ nígbà tí wotutu ń kọ nǹkan sí /data. Nítorí náà kì í kọ sórí fáìlì tó wà tẹ́lẹ̀. Á kọ tuntun sí /data/kehin.titun, á pe sync kí ohun tó kọ lè dé orí káàdì, á wá fi mv yí orúkọ rẹ̀ padà. Yálà kí èyí tó ti pẹ́ ṣì wà, tàbí kí tuntun ti wọlé. Kì í sí ààbọ̀. Àwọn log yòókù, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ètò ń sọ, kò dé káàdì rárá: syslogd -C64 ń pa wọ́n mọ́ sínú kilobyte 64 nínú mẹ́mọ́rì, logread ló ń kà wọ́n.

rcK ń pa àwọn script náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó sì dára kó wà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, iná tó lọ kì í pè é. Kò sí ohun pàtàkì kankan tó yẹ kó dúró de rcK.

Bí script kan bá kọ̀ láti tàn, tí console ń sọ “not found” nígbà tí fáìlì náà wà níbẹ̀ gbangba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí Windows ni wọ́n ti kọ ọ́, tí àmì ìparí ìlà ti Windows sì ti lẹ̀ mọ́ #!/bin/sh, dos2unix á yọ ọ́. Bí kò bá sọ nǹkan kan rárá, kí wọ́n wò bóyá wọ́n ṣe chmod +x, tó ń fún fáìlì láṣẹ láti ṣiṣẹ́, nítorí rcS ń fo èyí tí kò bá ní i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n so waya serial mọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa yọ waya iná: nígbà tí kernel ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nígbà tí e2fsck ń yẹ /data wò, nígbà tí wotutu ń kọ. Àpótí tó bá ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó sì ń kọ iye àkókò tó péye sínú /run/aisi_ina, lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù.