Lìmítẹ́ẹ̀dì tí kì í tán: bí wọ́n ṣe ń mú nọ́ńbà supercar

Iye agbára ẹṣin tó wà nínú ẹ́ńjìnì supercar, ìyẹn mọ́tò eré àsápajúdé tó wọ́n gan-an, bó ṣe ń sáré tó, bí táyà ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, gbogbo ìyẹn ti wà lórí fóònù gbogbo ọmọ Tanke ní Ìlọrin, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tó ń bíni nínú ni ọ̀rọ̀ kan tí kì í tán nílẹ̀ níbikíbi tí àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò bá ti kóra jọ sídìí Corolla tòkunbọ̀ ẹnì kan ní Ìlọrin, tí wọ́n ń fi fóònù han ara wọn, tí ẹnì kan á wá ní mọ́tò báyìí fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ torí pé ẹyọ 499 péré ni wọ́n lè ṣe, lìmítẹ́ẹ̀dì ni. Lè ṣe kẹ̀? Ta ló so wọ́n lọ́wọ́? Ilé-iṣẹ́ tó ṣe 499 lè ṣe 2,000, irin ò ní tán, àwọn òṣìṣẹ́ ò sì ní kú. Nọ́ńbà yẹn, àwọn èèyàn ló jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n mú un, bí ẹni mú ọjọ́ ìnáwó ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi sí Enzo Ferrari, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ Ferrari sílẹ̀, lẹ́nu, pé kí wọ́n máa ṣe mọ́tò kan dín sí iye tí ọjà ń fẹ́. Nígbà tí Ferrari F50 jáde ní 1995, wọ́n tẹ̀ lé e bó ṣe wà gẹ́lẹ́: wọ́n ṣírò ẹ̀ pé èèyàn 350 ló máa rà á, wọ́n wá ní 349 làwọn máa ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní rí rà, àmọ́ gbogbo 350 ni ẹ̀rù á máa bà pé òun lẹni yẹn. Ọgbọ́n burúkú ni, ó sì dùn mọ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnu nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Mọ́tò Enzo tó tẹ̀ lé e ní 2002, 349 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di 399, ó tún di 400, torí wọ́n ṣe ẹyọ kan fún Póòpù John Paul Kejì kí wọ́n lè tà á ní gbàǹjo fún àánú. LaFerrari ti 2013 jẹ́ 499, òun náà di 500 ní 2016 nítorí àwọn tí ilẹ̀ mímì bá fínra ní Ítálì. Daytona SP3 jẹ́ 599, ní 2025 wọ́n tún fi ọ̀kan lé e, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 26 dọ́là, ti àánú náà ni. F80 tí wọ́n kéde ní October 2024, 799. Ta ló máa bá ẹni tó ń ṣàánú jà? Kò sẹ́nì kankan, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ gbogbo èèyàn lára pé nọ́ńbà tí wọ́n bá pè ṣì lè fi ọ̀kan lé.

Ká má purọ́ mọ́ wọn ṣá o, Ferrari ta mọ́tò tó lé ní 13,000 ní 2024, ilé-iṣẹ́ náà ti tóbi gan-an sí ti ìgbà F50, olówó ayé náà ti pọ̀ sí i, nítorí náà 799 lónìí ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú àwọn tó ń rà á.

Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ṣírò ọjà rárá, orúkọ ni wọ́n ń wò. Porsche 918 jẹ́ 918. Aston Martin One-77 jẹ́ 77. Lamborghini Sián jẹ́ 63 torí 1963 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ẹ dúró, ó tún ku 19 tí kò ní òrùlé. McLaren Speedtail jẹ́ 106 torí 106 ni McLaren F1 tí wọ́n ṣe láyé ọjọ́un. Ó dáa, ó wuyì létí, a ti gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni bí wọ́n ṣe ń mú mọ́tò kan bí mọ́tò mẹ́fà. Ẹ wo ahunṣọ òfì ní Ìlọrin níbí. Iṣẹ́ tó le jù lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe híhun, títa òwú sílẹ̀ de híhun ni. Á ka òwú, á to àwọ̀ wọn, á nà án sílẹ̀ gbọọrọ, á wá máa kì í bọ inú òfì ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, owó ti lọ, ọjọ́ ti lọ, kò sì tíì hun ìbú ọwọ́ kan. Àmọ́ tó bá ti ta á tán tó sì gùn dáadáa, ó lè hun gèlè ìyá ìyàwó lára ẹ̀, kó kó ọnà kan sí i, kó hun ti àwọn àbúrò bàbá ìyàwó, kó pa ọnà yẹn dà, kó hun ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó kó fi òwú dídán há a láàárín, kó sì wí fún oníkálukú pé irú eléyìí, ìwọ nìkan ni mo hun ún fún. Kò purọ́ o. Ọnà yẹn, ẹni yẹn nìkan ló ni ín. Òwú ló jẹ́ ti gbogbo wọn.

Òwú tí kọ́ńpìnì supercar ń ta sílẹ̀ ni ẹ́ńjìnì, gíà àti ṣáásì oníkábọ̀n tó jẹ́ egungun mọ́tò. Àwọn yẹn ló ń gbé owó mì. Wọ́n á gbá mọ́tò mọ́ ògiri kí ìjọba lè rí i pé kò ní pa ẹni tó jókòó sínú ẹ̀, wọ́n á wọn èéfín ẹ̀, wọ́n á ṣe é fún òfin Yúróòpù, wọ́n á tún un ṣe fún ti Amẹ́ríkà, iná, bàńbà, bẹ́líìtì, gbogbo ẹ̀. Bóyá èèyàn 40 ló máa rà á ni o, bóyá èèyàn 4,000, owó iṣẹ́ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Nítorí náà kò sí ẹni tó máa ta òwú tó tó yẹn sílẹ̀ kó wá hun gèlè kan ṣoṣo lára ẹ̀.

Bugatti ló ṣe é tó hàn gbangba jù. Chiron jáde ní 2016, wọ́n ní 500 làwọn máa ṣe, 500 náà ni wọ́n sì ṣe. Iye ẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 2.4 yúrò, ẹ́ńjìnì inú ẹ̀ ni W16, sìlíńdà 16, lítà 8, tóbò mẹ́rin tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀. Ní 2018 wọ́n gbé Divo jáde, 40 péré, mílíọ̀nù 5 yúrò. Ní 2019 Centodieci dé, ẹyọ 10, mílíọ̀nù 8. Ọdún yẹn náà ni La Voiture Noire, ẹyọ kan ṣoṣo lágbàáyé, mílíọ̀nù 11 kí wọ́n tó fi owó orí lé e. Ó tún ku Bolide 40, ó tún ku Mistral 99. Ẹ rò ó pọ̀, 190 nìyẹn lórí 500, W16 kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Bugatti ò yẹ àdéhùn o, orúkọ Chiron ni wọ́n dá 500 lé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé W16 ò ní ju 500 lọ. Bọ́dì yàtọ̀, iná ẹ̀yìn yàtọ̀, àwọn tó wà á ní Divo ń kọ kọ́nà ju Chiron lọ, ìyẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ lórí òfì tó ti jẹ owó tán ni wọ́n ti ń kó gbogbo ọnà yẹn, èrè orí ẹ̀ ò sì ṣe é fẹnu sọ.

Ahunṣọ tiwa níbí máa ń sapá kí ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ má pàdé ní ṣọ́ọ̀bù òun, torí tí wọ́n bá fi gèlè méjèèjì síra wọn tí wọ́n rí i pé àbúrò ẹ̀gbọ́n ni, ọjọ́ ìnáwó á gbóná. Àwọn oníbàárà Bugatti ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti ra Chiron ni wọ́n kọ́kọ́ fi Divo lọ̀, 40 yẹn sì ti tán kí aráyé tó fojú kan ọ̀kan. Wọ́n mọ̀ pé òwú kan náà ni! Ìyá ìyàwó ló tún padà wá ra ti ìyá ọkọ, kí ìyá ọkọ má bàa rí i rà. Ti ilé-iṣẹ́ Pagani ló wá le jù, òun ni ahunṣọ tí kò lè gé òwú: Zonda ti wà láti 1999, Huayra dé ní 2011 láti gbapò ẹ̀, síbẹ̀ Zonda tuntun ṣì ń yọjú, márùn-ún níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, HP Barchetta mẹ́ta ní 2017, àwọn kan tiẹ̀ ń gbé Zonda wọn àtijọ́ padà lọ kí wọ́n tún un hun. Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ wọn ò bínú sí i, torí Pagani ò díbọ́n.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an nínú gbogbo ètò yìí ni ààyè nínú lísìtì àwọn tí wọ́n máa tà á fún. Kì í ṣe owó lọ́wọ́ nìkan. Wọ́n á wò ó pé mélòó lo ti rà lọ́dọ̀ wa, ṣé o tà á kíákíá, ṣé o ra èyí tí ọjà ẹ̀ ò yá nígbà tí a bẹ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé Ferrari kan tó ní nọ́ńbà lè ti bá ilé-iṣẹ́ náà ta mẹ́ta mìíràn tí kò ní nọ́ńbà. Ford gan-an, Ford tí bàbá wa ń wà ní ọjọ́sí, ṣe fọ́ọ̀mù fún GT, supercar tiwọn: àwọn tó lé ní 6,500 ló kọ̀wé fún 500 àkọ́kọ́, àwọn tó rí i gbà sì fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní tà á fún ọdún méjì. John Cena, oníjàkadì, ta tiẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, Ford gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù ní 2017, wọ́n parí ẹ̀ ní 2018, owó lọ sí àánú. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni Ford fi 350 kún 1,000 tí wọ́n ti pè tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i, oníbàárà tó yẹ àdéhùn lọ sí kọ́ọ̀tù, ilé-iṣẹ́ tó pa nọ́ńbà dà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìgbà kan wà tí nọ́ńbà yìí tiẹ̀ padà wá mú àwọn tó ṣe é. Lamborghini ti ń palẹ̀ Aventador mọ́, wọ́n ní Ultimae ló máa kẹ́yìn, 350 àti 250 tó ń ṣí òrùlé, wọ́n ti tà á tán, ni ọkọ̀ ojú omi Felicity Ace bá gbiná lórí òkun Àtìláńtíìkì ní February 2022, ó rì ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ultimae wà nínú ẹ̀. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ láti ṣe òmíràn dípò wọn, torí pé àwọn tó ti sanwó ń dúró.

Níbo wá ni àléébù ẹ̀ wà? Àdéhùn yẹn, lórí orúkọ nìkan ló dúró, ohun tí èèyàn fẹ́ nínú mọ́tò náà ò sí nínú ẹ̀. Porsche ṣe 911 R ní 2016, ẹyọ 991, gíà mánúà nìkan, bíi 185,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé Porsche ti yọ mánúà kúrò nínú GT3, tó jẹ́ 911 mìíràn, àwọn dílà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní mílíọ̀nù kan. Ọdún kejì ẹ̀, Porsche dá mánúà padà sínú GT3 tí kò ní nọ́ńbà kankan, GT3 Touring tẹ̀ lé e, owó 911 R já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. 991 ò di 992 o. Wọn ò fi ẹyọ kan lé e.

Ẹ tún wo òdìkejì ẹ̀. Ferrari F40, bíi 400 ni wọ́n sọ nígbà tó jáde ní 1987, wọ́n ṣe tó lé ní 1,300, síbẹ̀ ọ̀kan tó dáa ń lọ sí mílíọ̀nù 2 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí. Porsche Carrera GT, 1,500 ni wọ́n fẹ́ ṣe, òfin báàgì afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà yí padà, wọ́n dúró sí 1,270 ní 2006, bíi 440,000 dọ́là nígbà yẹn, ó ti kọjá mílíọ̀nù kan báyìí. Jaguar XJ220, wọ́n ṣèlérí V12, ẹ́ńjìnì oní sìlíńdà 12, V6 oní tóbò méjì ló jáde ní 1992, ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó ti san àsansílẹ̀ gba kọ́ọ̀tù lọ, 350 tí wọ́n pè ò pé, kò tó 300. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ni lìmítẹ́ẹ̀dì tòótọ́ lójú tèmi, torí kì í ṣe tábìlì ló mú nọ́ńbà tí wọ́n dúró sí.

McLaren náà ti tọ́ ọ wò. Elva jáde ní 2019, kò ní òrùlé, kò ní gíláàsì iwájú, ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, 399 ni wọ́n kéde. Kò pẹ́ ó di 249. Kò pẹ́ sí i ó di 149, wọ́n sì ń pè é ní lìmítẹ́ẹ̀dì lọ láìsinmi ẹnu.