Ìwọ̀n ìwákiri: ohun tí Google lè sọ fún wa nípa aromọléegun, àti ohun tí kò lè sọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí oríkèé ń ro ló máa ń bi Google léèrè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Ìbéèrè wọn kì í ṣòfò: Google á yọ ohun tó lè tú àṣírí ẹni tó béèrè kúrò, á kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, á sì fi àpapọ̀ rẹ̀ hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Trends. Láti ọdún 2006 ni irinṣẹ́ yìí ti wà, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn dé 2004. Àwọn olùwádìí ìlera ń lò ó láti mọ ohun tó ń jẹ aráàlú lọ́kàn nípa àìsàn. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kà níbẹ̀ ni mo pè ní ìwọ̀n ìwákiri. Ó rọrùn láti ṣì í kà, pàápàá tó bá jẹ́ lórí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Aromọléegun tí à ń wí yìí, tí àwọn kan ń pè ní làkúrègbé, kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni osteoarthritis, níbi tí kèrékèré tó bo orí egungun ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 528 ló ń bá a fínra lágbàáyé lọ́dún 2019. Rheumatoid arthritis yàtọ̀ sí i: àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń gbógun ti oríkèé, èèyàn bíi mílíọ̀nù 18 ló sì ní in lọ́dún yẹn kan náà. Gout wà níbẹ̀, níbi tí ásíìdì uric ti ń di èérún kéékèèké nínú oríkèé; oríṣi mìíràn tó ń mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 náà wà níbẹ̀. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ ni pé wọn kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ní in lónìí lè ṣì máa bá a yí lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó, a óò padà sí i.

Nọ́ńbà Google Trends kì í ṣe iye èèyàn, kì í sì í ṣe iye ìgbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan. Ìpín ni. Google á mú ìwákiri nípa ọ̀rọ̀ náà ní agbègbè kan láàárín àsìkò kan, á fi gbogbo ìwákiri tó wáyé níbẹ̀ lásìkò náà pín in, á wá pe ìgbà tí ìpín yẹn ga jù lọ ní 100. Gbogbo ìgbà tó kù, 100 yẹn ló fi ń wọ̀n wọ́n. Ká ní lọ́dún kan, ìwákiri mílíọ̀nù kan ló wáyé ní ìlú kan, tí 1,000 nínú rẹ̀ jẹ́ nípa aromọléegun. Ẹyọ kan nínú 1,000 nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, íntánẹ́ẹ̀tì ti dé ọwọ́ èèyàn púpọ̀, ìwákiri ti di mílíọ̀nù márùn-ún, ti aromọléegun sì ti di 3,000. Ìbéèrè ti di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 0.6 nínú 1,000. Àtẹ náà á wá fi 100 hàn fún ọdún àkọ́kọ́ àti 60 fún ọdún ìkẹyìn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní aráàlú ti gbàgbé àìsàn náà.

Bákan náà ni 0 kò túmọ̀ sí pé ẹnì kankan kò béèrè. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó béèrè kéré ju iye tí Google ń fi hàn lọ. Bí orílẹ̀-èdè kan bá sì gba 100 tí òmíràn gba 40, a kò lè tìtorí ẹ̀ sọ pé aláìsàn pọ̀ ní ti àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a yàn láti wò tún ń da nǹkan rú. Ẹni tó bá tẹ “gout” láti mọ bí àìsàn náà ṣe ń ká àwọn èèyàn lára ní ilẹ̀ Faransé yóò kó àwọn tó ń sọ̀rọ̀ adùn oúnjẹ mọ́ ọn, torí báyìí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí wọn kò bá fi àmì sí i. Google Trends ní ọ̀nà àbáyọ kan: dípò ọ̀rọ̀ lásán, èèyàn lè yan kókó, kí ó fi àìsàn náà ṣe é, Google á sì gbìyànjú láti kó onírúurú ìkọ̀wé àti èdè jọ sábẹ́ rẹ̀. Èmi fara mọ́ kókó ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, àmọ́ kò lè kó ohun gbogbo. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, “orúnkún ń dùn mí” ni yóò kọ.

Wàyí o, kí ló ń mú kí ìlà orí àtẹ náà gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀? Fúlúù ń wá, ó sì ń lọ, iye àwọn tó ń mú sì lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Síbẹ̀ Google Flu Trends, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008 láti fi ìwákiri díwọ̀n fúlúù, bu iye aláìsàn kọjá bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà nígbà òtútù 2012 sí 2013; nígbà tó di 2015, Google dẹ́kun títẹ ìṣirò rẹ̀ jáde. Ti aromọléegun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye àwọn tó ní in kò lè di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, nítorí náà bí ìlà bá fò sókè lójijì, ọkàn àwọn èèyàn ló yí padà. Àìsàn náà wà níbi tó wà.

Ẹ wo hydroxychloroquine. Oògùn ibà ni tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà sì ti ń fún àwọn tó ní rheumatoid arthritis àti lupus, àìsàn mìíràn tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń gbógun ti ara, láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Kẹta 2020, Donald Trump, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, yìn ín fún COVID-19, ìwákiri orúkọ oògùn náà sì ga fíofío. Lọ́jọ́ 28 oṣù yẹn, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fàyè gbà á fún ìtọ́jú COVID-19 ní ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹfà, wọ́n gba àyè náà padà. Láàárín àsìkò yẹn, oògùn náà di ọ̀wọ́n fún àwọn tí oríkèé wọn gbára lé e. Aláìsàn tó ń fi ìrora wá ibi tó ti lè rà á, àti ẹni tó kàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn, ìwọ̀n kan náà ni Google ka àwọn méjèèjì mọ́. Ó dùn mí pé a kò lè fi nọ́ńbà yẹn yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àmọ́ ẹ má ṣe torí èyí da irinṣẹ́ náà nù. Ní 2017, ìwádìí kan jáde lórí ìgbàgbọ́ àtayébáyé pé òjò àti òtútù ń mú kí oríkèé máa ro. Àwọn olùwádìí kó ìwákiri ọdún márùn-ún jọ láti àwọn ìlú ńlá 50 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ojú ọjọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan wé e. Òdìkejì ohun tí aráyé ń sọ ni wọ́n bá. Bí ooru ṣe ń pọ̀ láti ìwọ̀n -5 dé 30 lórí Celsius ni ìbéèrè nípa orúnkún àti ìbàdí ríro ń pọ̀ sí i, ó sì ń dín kù bí òjò bá rọ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, àwọn èèyàn ń rìn, wọ́n ń sáré, wọ́n sì ń ṣe ara wọn léṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn kò sọ pé ooru ń fa àìsàn. Wọ́n wá ohun tó wà láàárín méjèèjì.

Ó tún yẹ ká bi ara wa pé ta ni kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Nínú gbogbo àwọn tó ní osteoarthritis, bíi 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lé ní ọdún 55, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì wà tó jẹ́ pé ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ ìbéèrè. Ẹni tí àìsàn ti bá gbé fún ogún ọdún ti mọ orúkọ rẹ̀ àti oògùn rẹ̀, kò ní ohun púpọ̀ láti béèrè mọ́. Ẹni tí ara ń fu ṣẹ̀ṣẹ̀ ló ń béèrè léraléra. Nítorí náà, ohùn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí ló ń ròkè jù.

Ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti rí àǹfààní rẹ̀. Lábẹ́ àtẹ náà, Google máa ń to àwọn ìbéèrè tó jọra: oúnjẹ wo ni kí n má jẹ, ṣé ó ń jẹ́ àjogúnbá, oògùn wo ló dáa jù. Ìbéèrè tí aláìsàn ń tijú láti bi nọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé ìlàlóye nípa ìlera yẹ kó ka ìwọ̀nyí kó tó kọ ohunkóhun. Bó bá rí i pé àwọn èèyàn ń béèrè ìdí tí ọwọ́ fi ń le gbagidi láàárọ̀, kí ó sọ ọ́ kedere fún wọn: ọwọ́ tó bá ń le ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, tí oríkèé rẹ̀ sì wú, kó lọ rí dókítà kíákíá, torí pé oògùn rheumatoid arthritis tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń gba oríkèé lọ́wọ́ ìbàjẹ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀: díẹ̀ lára gbogbo ìwákiri ni Google ń ṣà jọ láti fi ya àtẹ náà, nítorí náà ohun tí ẹ rí lónìí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọ̀la. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Google ti ṣe àtúnṣe sí ọ̀nà tó ń gbà kó àkọsílẹ̀ náà jọ ní 2011, 2016 àti 2022, ó sì fi àmì sí àwọn ibi wọ̀nyí lórí àtẹ. Bí ìlà bá ṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ fura sí àtúnṣe yẹn kí ẹ tó wá ìdí mìíràn.