Àpò lẹ́tà tó ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́

Àwòrán àpò lẹ́tà kan láti Amẹ́ríkà ń káàkiri lórí WhatsApp: Abraham Lincoln gbé igi ọgbà (igi tí wọ́n là láti fi ṣọgbà yí oko ká) lé èjìká, wọ́n ya ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ bíi ti lékèélékèé, sítáǹpù ìjọba sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ti ìbò 1860 ni, nígbà tí Lincoln ń du ipò ààrẹ. Ìbéèrè pọ̀.

Ṣé ìjọba ló tẹ̀ ẹ́?
Rárá. Àwọn onítẹ̀wé aládàáni ni, ọjà ni wọ́n ń tà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àpò lẹ́tà?
Ọ̀rọ̀ owó ni. Ṣáájú 1845, iye abala ìwé àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó lẹ́tà níbẹ̀. Ẹni tó bá lo àpò sanwó abala kan kún un, nítorí náà àwọn èèyàn kàn ń ká ìwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ orúkọ sí i lẹ́yìn. Òfin 1845 ní kí wọ́n máa wọn lẹ́tà lórí òṣùwọ̀n dípò kíka abala. Nígbà tó di 1851, sẹ́ńtì 3 ti ń gbé lẹ́tà lọ jìnnà réré. Àpò bá gbòde, ojú rẹ̀ sì ṣófo, àwọn onítẹ̀wé bá ń tẹ àwòrán yẹ̀yẹ́ sí i. Kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ àti aládùúgbò ti rẹ́rìn-ín tán.

Igi wo ni ti Lincoln?
Ní May 1860, ní Decatur, ìpínlẹ̀ Illinois, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gbé igi ọgbà wọ ìpàdé, wọ́n ní òun ló là á nígbà èwe. Wọ́n fi polówó rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ aláàpọn. Àwọn alátakò gba igi kan náà, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tó ń fi ránṣẹ́ ò bẹ̀rù kí aráyé mọ ẹgbẹ́ wọn?
Nígbà náà, ìdìbò fúnra rẹ̀ ò pamọ́. Ẹgbẹ́ ló ń tẹ ìwé ìdìbò, ojú gbogbo èèyàn lo ti máa mú un lọ síbi àpótí. 1888 ni ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣòfin ìbò ìkọ̀kọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú?
Ẹ wo àgbọ̀n Lincoln nínú àwòrán náà. Lincoln ò ní irùngbọ̀n nígbà ìpolongo 1860. Ní October ni ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan, Grace Bedell, kọ̀wé pé kó dá irùngbọ̀n sí. Ẹ̀yìn tó wọlé ló hù ú. Ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán lóde òní kì í sábà rántí ìyẹn. Ẹ má fi ọdún tí kò sí lára òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni o: ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀ ìgbà náà ò ní ju ọjọ́ àti oṣù lọ.

Wọ́n fẹ́ tà á fún mi ńkọ́?
Ẹ má sanwó lórí fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ hàn yín. Kí sítáǹpù má sí lórí rẹ̀ kò burú. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n rà pa mọ́ láì fi ránṣẹ́.