Fífi sọ́fítíwíà sórí Linux níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí kọ̀ǹpútà Linux rẹ̀ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì lè fi sọ́fítíwíà tuntun sórí rẹ̀: yóò fi ẹ̀rọ mìíràn gba àwọn fáìlì rẹ̀ wálẹ̀, yóò sì fi fláàṣì tàbí díìsìkì kó wọn wá. Kíkó fáìlì kò le. Inú mímọ fáìlì tí ẹ̀rọ náà nílò gan-an ni iṣẹ́ wà. Debian àti Ubuntu, ẹ̀yà Linux méjì, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé jù.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀: ilé ẹ̀kọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, iléeṣẹ́ tí ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ààbò, ẹni tí dátà rẹ̀ tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, MainOne àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìdì àti ohun tí ó gbára lé

Ian Murdock ló dá Debian sílẹ̀ ní ọdún 1993. Inú ìdì ni sọ́fítíwíà rẹ̀ máa ń wà, orúkọ fáìlì ìdì kọ̀ọ̀kan sì máa ń parí sí .deb. Ìdì kì í sábà dá dúró. VLC tí à ń fi wo fíìmù gbára lé ọ̀pọ̀ ìdì kéékèèké, àwọn yẹn náà sì ní èyí tí wọ́n gbára lé. APT, irinṣẹ́ ìfisọ́fítíwíàsórí tí ó bá Debian 2.1 jáde ní 1999, ni ó máa ń tọpa gbogbo wọn, tí yóò sì gbà wọ́n wálẹ̀ láti inú àká Debian, ibi tí a kó àwọn ìdì pa mọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irinṣẹ́ abẹ́ rẹ̀, dpkg, kì í wá ìdì kankan. Èyí tí a bá fún un nìkan ni yóò tú. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, iṣẹ́ dúró lágbedeméjì.

Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a fi APT gba VLC lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ wa, kí a sì kó ohun tí a bá bá nínú /var/cache/apt/archives. Ìmọ̀ràn yìí kò péye. APT kò ní gba ìdì tí ó ti wà lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni tiwa kò ní. Bí ẹ̀dà Ubuntu méjèèjì kò bá dọ́gba, tàbí tí irú ṣíìpù inú wọn yàtọ̀ (ọ̀kan jẹ́ amd64, èkejì jẹ́ arm64), ìdì náà kò ní bá ara mu. Ẹ̀rọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ kí ó fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó ń fẹ́.

Àṣẹ `apt-get install --print-uris vlc` ni à ń fi bi í. Yóò kọ àdírẹ́sì ìdì kọ̀ọ̀kan àti bí ó ṣe tóbi tó. A óò fi ẹ̀rọ kejì gbà wọ́n, a óò kó gbogbo wọn sínú fódà kan, a óò sì pa àṣẹ `sudo apt install ./*.deb` níbẹ̀. APT ni yóò to èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Bí àkọsílẹ̀ APT lórí ẹ̀rọ náà, ìyẹn àtòjọ àwọn ìdì tí ó wà nínú àká, bá ti pẹ́ jù, àdírẹ́sì kan lè má sí mọ́, nítorí ẹ̀dà tuntun ti gba ipò rẹ̀ nínú àká.

Irinṣẹ́ apt-offline dín wàhálà yìí kù. `apt-offline set` kọ ohun tí ẹ̀rọ nílò sínú fáìlì kan, `apt-offline get` gbà wọ́n lórí ẹ̀rọ kejì, kódà bí Windows ni ó wà níbẹ̀, `apt-offline install` sì kó wọn fún APT. Ó lè kó àkọsílẹ̀ tuntun àti àtúnṣe ààbò wá pẹ̀lú. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìdì apt-offline fúnra rẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ Wi-Fi

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ká ènìyàn lára jù. Ọ̀pọ̀ káàdì Wi-Fi ti Intel kò lè ṣiṣẹ́ lórí Debian láìsí fáìlì inú ìdì firmware-iwlwifi. Debian kò ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí sọ́fítíwíà tí gbogbo ènìyàn lómìnira láti tún ṣe, nítorí náà kò fi í sínú díìsìkì tí ó fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ènìyàn fẹ́ fi dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà. Ní 2022, àwọn olùṣiṣẹ́ Debian dìbò pé kí ó máa wà nínú rẹ̀, Debian 12 tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lórí ẹ̀dà tí ó ṣáájú, fífi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè lo dátà fóònù sábà máa ń tó láti gba ìdì kan yẹn.

Ààbò

Debian kì í sábà buwọ́ lu ìdì kọ̀ọ̀kan. Fáìlì InRelease ti àká ni ó máa ń buwọ́ lù. Inú rẹ̀ ni àmì SHA256 (nọ́ńbà tí a ṣírò láti inú fáìlì, tí yóò yí padà bí fáìlì bá yí padà) ti àwọn fáìlì Packages, tí ó to orúkọ àwọn ìdì, wà, inú Packages sì ni ti ìdì kọ̀ọ̀kan wà. APT máa ń yẹ gbogbo èyí wò nígbà tí ó bá gba ìdì láti inú àká. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún .deb tí a fi ọwọ́ gbé wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, agbára root, ìyẹn agbára ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, ni ìdì fi ń wọlé, ó sì lè ṣe ohunkóhun tí ó bá wù ú lórí ẹ̀rọ. Ó yẹ kí a fi `sha256sum` yẹ ìdì tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn wò, kí a sì fi wé àmì inú àkọsílẹ̀ Debian.

Díìsìkì àti ọ̀nà mìíràn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ Ubuntu títí di 2011, Canonical, iléeṣẹ́ tí ó ni Ubuntu, ń fi díìsìkì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé nípasẹ̀ ètò ShipIt. Debian náà ní àwọn DVD tí ó kún fún ìdì. Àṣẹ `apt-cdrom add` ni a fi ń jẹ́ kí APT mọ̀ wọ́n.

Lórí Fedora, ẹ̀yà Linux mìíràn, `dnf download --resolve` ló ń gba ìdì pẹ̀lú ohun tí ó gbára lé. Flatpak, ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà pín sọ́fítíwíà Linux, ní `flatpak create-usb` tí ó ń kó sọ́fítíwíà sórí fláàṣì. AppImage, irú ọ̀nà mìíràn bẹ́ẹ̀, ló rọrùn jù láti gbé, nítorí ó sábà máa ń kó ohun tí ó nílò sínú fáìlì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n láti Ubuntu 22.04 ni libfuse2, tí ọ̀pọ̀ AppImage fi ń ṣí, kò ti bá ẹ̀rọ wá mọ́, a sì ní láti gbé òun náà dání.